Ọfà Méjèèjì Kò Kọjú Síbì Kan Náà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa DNA àti RNA

Bí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ya DNA, ohun tó ń gbé àbùdá ìran nínú sẹ́ẹ̀lì, àkàbà olókùn méjì tó lọ́ ni wọ́n máa ń yà, ìyẹn sì dára. Orí ọfà tó ń fi ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan kọjú sí hàn ni wọ́n ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, méjèèjì á sì kọjú sókè.

Ẹ má yà á bẹ́ẹ̀. Bí okùn kan bá ti 5′ lọ sí 3′ láti òkè wá sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ni èkejì ti ń gòkè. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ṣúgà àti fọ́sífeètì ló wà lẹ́yìn okùn kọ̀ọ̀kan. Kábọ́ọ̀nù márùn-ún tí a fi nọ́ńbà pè ló wà nínú ṣúgà kọ̀ọ̀kan, fọ́sífeètì ló sì so ìkẹta ti ṣúgà kan mọ́ ìkarùn-ún ti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ẹ̀dà DNA kò lè fi nǹkan kún un àfi níbi 3′. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe okùn kan lọ geere, tó sì ń ṣe èkejì ní gígé-gígé. Ẹni tó ya ọfà rẹ̀ lódì kò ní lóye èyí láé.

Ẹ má sì kó fọ́sífeètì sáàárín. Bí ẹ bá ti ṣe é rí, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú: Linus Pauling, ògbóǹtarìgì nínú kẹ́mísìrì, gbé DNA olókùn mẹ́ta jáde ní 1953, fọ́sífeètì rẹ̀ sì wà láàárín. Watson àti Crick, àwọn tó wá sọ bí DNA ṣe rí gan-an, náà ti ṣe irú rẹ̀ ní 1951, Rosalind Franklin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń fi ìtànṣán X ya àwòrán DNA, ló sọ fún wọn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo fọ́sífeètì ló ní iná òdì (negative charge), wọ́n á máa ti ara wọn ni. Omi ni wọ́n sì ń fẹ́. Ìta ló yẹ wọ́n. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ ní DNA tí wọn ò dárúkọ Franklin.

Lẹ́tà A (adenine), T, G àti C ni wọ́n fi ń pe àwọn ohun tó so okùn DNA méjèèjì pọ̀: A ń bá T so, G ń bá C so. Ní ti RNA, ìbátan DNA tó sábà máa ń jẹ́ olókùn kan, U ni ẹ kọ, kì í ṣe T. Ẹ má sì fi òfin pé A àti T dọ́gba ṣírò RNA olókùn kan. Bí A bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100 lára DNA olókùn méjì, G á jẹ́ 30. Nínú RNA olókùn kan, A kò lè sọ iye U fún yín.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti genotype. A tó wà nínú AA àti AS kì í ṣe A ti adenine. Irú hemoglobin, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń pè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí DNA ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ni pé GAG di GTG nínú jíìnì hemoglobin, ìyẹn apá DNA tó ní ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe é: A kan ṣoṣo ló kúrò, T sì gba ipò rẹ̀.