Bí o ṣe lè máa rán kúìltì mẹ́ta pọ̀ láìdàrú

Kúìltì ni aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi ègé aṣọ kéékèèké rán pọ̀. Má jẹ́ kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ju mẹ́ta lọ: ọ̀kan tí ò ń gé, ọ̀kan tó wà lórí maṣíìnì, ọ̀kan tó ku kó o fọwọ́ rán etí rẹ̀. Tó bá jẹ́ gígé ni gbogbo wọn wà, tábìlì á kàn kún ni, kò sí èyí tó máa parí.

Kó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀. Kó o tó dìde, kọ ohun tó kàn sórí bébà, pẹ̀lú nọ́ńbà abẹ́rẹ́ àti bí ojú ìránṣọ ṣe jìnnà sí etí aṣọ tó. Ti ìkẹyìn yìí ló ń fa wàhálà jù. Ìnṣì 1/4 la sábà ń lò. Tó o bá padà dé, tó o sì fi 1/16 lé e láìmọ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan (ibi tí a ti rán aṣọ méjì pọ̀) á jẹ ìnṣì 1/8 sí i lára aṣọ, torí aṣọ méjì ló pàdé níbẹ̀. Ìlà tó ní aṣọ mẹ́jọ ní oríkèé méje: ó ti fi ìnṣì 7/8 kúrú nìyẹn!

Má dúró de ọjọ́ ìsinmi. Ìṣẹ́jú 15 náà wúlò, tó o bá ti fi píìnì mú aṣọ ní méjì-méjì sílẹ̀. Tó o bá rán ojú kan dé òpin, má gé òwú. Ti aṣọ méjì láti inú iṣẹ́ kejì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì (irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́), rán an, kó o wá gé ti àkọ́kọ́ kúrò lẹ́yìn. Òwú ò ní lọ́ pọ̀, iṣẹ́ kejì á sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Òwú aláwọ̀ eérú ló dáa jù fún èyí, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára aṣọ méjèèjì.