Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Titanoboa, Òjòlá Ńlá Ayé Àtijọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré gbé fóònù wá bá mi. "Àǹtí, ẹ wá wo òjòlá tó ń gbé ọ̀nì mì!" Mo wò ó. Kì í ṣe ejò alààyè. Ère ni, èyí tí Smithsonian, àjọ tó ni ọ̀pọ̀ musíọ́mù ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin Grand Central ní New York lọ́dún 2012 kí àwọn èèyàn lè mọ bí Titanoboa ṣe tóbi tó. Ọmọ náà gbà pé òótọ́ ni, àgbàlagbà tó fi ránṣẹ́ sí i náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, torí ìtàn ejò yìí dára ju àwọn àhesọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ìyẹn ló mú kí n kọ àwọn àṣìṣe tí mo máa ń gbọ́ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ àwọn dáínósọ̀. Mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ni àwọn dáínósọ̀ ńláńlá pa run. Titanoboa wà láyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 58 sí 60 ọdún sẹ́yìn. Àwòrán tó bá fi ejò yìí hàn níbi tó ti ń bá dáínósọ̀ jà, irọ́ ni. Lẹ́yìn ikú wọn ni ìran rẹ̀ gbèrú dé ìwọ̀n yẹn, nínú gbogbo ẹranko eléegun tí kì í ṣe ti òkun tí wọ́n sì tíì rí láti sáà yẹn, òun ló tóbi jù.

Àṣìṣe tó le jù ni ti gígùn rẹ̀. Ẹnì kan á ní mítà 13, ẹlòmíì á ní 15, ẹlòmíì á sọ ọ́ di 30, bí ẹni pé wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n láti orí dé ìrù. Kò sẹ́ni tó rí odindi eegun rẹ̀ rí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni oríkèé eegun ẹ̀yìn àti eegun ìhà, tó jẹ́ ti bíi ejò 28, tí wọ́n hú ní ibi ìwakùsà èédú Cerrejón, ní La Guajira, lápá àríwá Kòlóḿbíà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí àwọn àfọ́kù agbárí rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ẹyọ oríkèé kan. Ó ti di òkúta, ó kún ọwọ́ àgbàlagbà bámúbámú. Bí ẹ bá gbé ti anaconda òde òní, òjòlá ńlá inú odò Gúúsù Amẹ́ríkà, tì í, á dà bí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Títóbi yẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kà á mọ́ eegun ọ̀nì. Ní Yunifásítì Florida ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń to àwọn eegun náà ti fura pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkèé ejò ní àmì tirẹ̀: èèkàn kékeré kan yọ jáde níwájú rẹ̀, ó sì máa ń wọ inú ihò tó wà lẹ́yìn oríkèé tó ṣáájú, kí ẹ̀yìn ejò lè máa lọ́ sọ́tùn-ún sósì láìyẹ̀. Ọ̀nì kò ní in.

Jason Head, onímọ̀ nípa eegun ẹranko àtijọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Jonathan Bloch àti Carlos Jaramillo wà lára wọn, kéde Titanoboa lọ́dún 2009. Oríkèé ọ̀nà ọrùn àti ti ìrù kì í tóbi tó ti àárín, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí oríkèé kọ̀ọ̀kan ti jáde lára ọ̀pá ẹ̀yìn, kí wọ́n tó fi wé ti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ṣì wà láyé. Iye tí wọ́n rí ni mítà 12.8, ṣùgbọ́n ó lè fi mítà 2 lé díẹ̀ dín, ó sì lè fi bẹ́ẹ̀ lé. Ní ti ìwọ̀n, wọ́n ní kílò 1,135, ó lè já sí 652, ó sì lè tó 1,819. Ẹ rí i bí àlàfo yẹn ṣe fẹ̀ tó. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ọmọ, ẹ sọ pé "bíi mítà 13". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ "bíi" yẹn kúrò.

Ọ̀rọ̀ nípa bó ṣe gbèrú àti bó ṣe tán ni àwọn èèyàn máa ń ṣì sọ jù. Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe, ti àyíká ló ń lò. Bí ibì kan bá ṣe ń móoru tó ni ejò ibẹ̀ ṣe lè tóbi tó. Látorí èyí ni àwọn tó kọ̀wé lọ́dún 2009 ti ṣírò pé ooru Cerrejón nígbà náà yóò wà láàárín 30 sí 34°C, tí a bá pín in káàkiri ọdún. Ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n bá nínú òkúta kan náà ń tọ́ka sí nǹkan bíi 28°C, pẹ̀lú òjò tó ju mítà 3 lọ lọ́dún kan. Àwọn onímọ̀ míì sì kọ̀wé láti takò ó pé kí wọ́n máa fi ara ejò wọn ooru ayé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi 30 sí 34 yẹn búra.

Ẹ má sì ṣe sọ pé òtútù ló pa á. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn ìgbà àwọn eegun Cerrejón, ńṣe ni ayé tún gbóná gan-an sí i. Bó bá jẹ́ ooru nìkan ló sọ ejò yìí di ńlá, ìgbà yẹn ló yẹ kí ara tù ú jù. Àwọn míì máa ń wo ọjọ́ orí eegun tó kẹ́yìn, wọ́n á ní ọjọ́ yẹn ni ìran rẹ̀ tán. Ẹni tí ẹ rí lọ́jà lánàá tí ẹ ò rí lónìí, ṣé alẹ́ àná ló kú? Ẹrẹ̀ irà Cerrejón ló bo àwọn òkú ejò mọ́lẹ̀ tó sì tọ́jú wọn dè wá. Níbi tí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá sí, òkú á jẹrà dànù. Lóòótọ́, igbó irà náà ti lọ, La Guajira òní ti di ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n kò sí eegun kankan tó so ìyípadà yẹn pọ̀ mọ́ ikú ejò náà.

Ní ti oúnjẹ rẹ̀, ère New York ló ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Àwọn àfọ́kù agbárí fi hàn pé eyín rẹ̀ pọ̀, ó sún mọ́ra, kò sì rọ̀ mọ́ párì ṣinṣin, irú èyí tí ejò apẹja máa ń ní. Ẹja ńláńlá sì wà nínú omi Cerrejón. Ó lè mú ọ̀nì kékeré bó bá bọ́ sí i lẹ́nu, torí ọ̀nì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹja ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe ejò olóró. Bíi ti òjòlá gbogbo, lílọ́ mọ́ ẹran ló fi ń pa á: á fún un títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè ṣàn lára rẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń sọ pé ó ṣì wà nínú odò Amazon, anaconda ni wọ́n ń rí. Ìbátan rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n anaconda tó kọjá mítà 6 pàápàá ṣọ̀wọ́n.

Àṣìṣe kan ṣì kù tó máa ń dùn mí ju ìyókù lọ, ìyẹn ni kíkà Titanoboa sí ejò ńlá kan ṣoṣo tó tíì wà rí. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ méjì ní Íńdíà kéde Vasuki, ejò ńlá àtijọ́ míì, láti ibi ìwakùsà kan ní Kutch. Ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 47 ọdún, wọ́n sì fojú bu gígùn rẹ̀ sí láàárín mítà 11 sí 15. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Charles William Andrews ti ṣàpèjúwe Gigantophis, ejò ńlá kan láti Íjíbítì, ní 1901. Òun kan náà, ní 1924, ló kọ̀wé nípa oríkèé eegun ẹ̀yìn ejò tí wọ́n rí nínú òkúta Ameki ní gúúsù ìlà oòrùn Nàìjíríà, tó sì sọ ọ́ ní Palaeophis africanus. Ejò òkun ni, torí òkun ló bo ibẹ̀ nígbà náà. Wọ́n rí ìbátan rẹ̀ kan ní Málì, níbi tí òkun ti la ilẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n sì ṣírò pé gígùn tiẹ̀ lè wà láàárín mítà 8 sí 12.