Bí A Ṣe Ń Fi Ẹran Lílọ̀ Se Ọbẹ̀ Tó Kárí Ilé

Àbúrò mi obìnrin ra ẹran lílọ̀ kílò kan lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó dà á sínú ìkòkò, ó bu omi lé e, ó fi magí sí i, ó dé e, bí ìgbà téèyàn ń bọ ṣàkì. Nígbà tó máa ṣí i, ẹran ti ṣù pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti rí bí eérú, gbogbo adùn rẹ̀ ti bọ́ sínú omi. Kì í ṣe òun nìkan, mo ti bá irú rẹ̀ lórí iná nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹran lílọ̀ kì í ṣe ẹran tí à ń bọ̀. Dídín là ń dín in.

Èyí tí mo fẹ́ kọ yìí á tó ẹni mẹ́fà jẹ: ẹran màlúù kílò 1, tàtàṣé 5, tòmátì 6, ata rodo 3, àlùbọ́sà ńlá 3, kárọ́ọ̀tì 2, òróró ìdajì ife, kọ́rì, táìmù, magí àti iyọ̀.

Odindi ẹran ni kí ẹ rà, kí wọ́n lọ̀ ọ́ lójú yín. Èjìká tàbí itan ló dáa, kí ọ̀rá díẹ̀ sì wà lára rẹ̀, torí ẹran tí kò lọ́ràá rárá máa ń gbẹ lẹ́nu. Kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Èyí tí wọ́n bá ti lọ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́. Mo ti rí ẹni tó dà á sínú asẹ́, tó ṣí omi ẹ̀rọ lé e lórí. Omi pupa ń ṣàn lọ, adùn ń bá a lọ, ìyókù mu omi yó, kò ṣeé dín mọ́. Ẹ má sì gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata o, ata àná ṣì wà nínú rẹ̀.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ ẹran nítòsí, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sí fìrísà fún ìṣẹ́jú 30 kó le díẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ mímú gé e lórí pátákó títí á fi kúná. Mo fẹ́ràn ọ̀bẹ ju bìlẹ́ńdà lọ, torí bìlẹ́ńdà máa ń sọ ẹran di ògì. Tó bá jẹ́ òun lẹ ní, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa lọ̀ ọ́: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà kan, ẹ se é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ìyẹn kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ gbé ìkòkò fífẹ̀ tí ìdí rẹ̀ nípọn kaná. Ìkòkò irin dúdú ni mo ń lò. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń jó ẹran kó tó pọ́n. Kó gbóná dáadáa kí ẹ tó da òróró ṣíbí méjì sí i. Ẹ pín ẹran sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ máa dín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí gan-an làwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n á ní ó ń pẹ́, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹran bá ti kún ìkòkò, ìkòkò á tutù, omi á tú jáde lára ẹran, á wá máa sè nínú omi ara rẹ̀. Ibi tí àbúrò mi já sí náà nìyẹn.

Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọwọ́ á máa yún yín láti rò ó, ẹ má rò ó. Ẹ tẹ́tí sí ìkòkò. Tó bá ń hó yaya, omi ṣì wà níbẹ̀. Tí ohùn rẹ̀ bá wá yí padà, tó ń ta pàrà-pàrà bí àkàrà nínú epo, omi ti gbẹ, ẹran ti ń pọ́n nìyẹn. Ìgbà náà ni kí ẹ yí i, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀kì tú u títí kò fi ní sí èyí tó tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ṣíbí máa ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i àfìgbà tó bá pọ́n, torí iyọ̀ máa ń fa omi jáde.

Kó má ku pupa kankan nínú rẹ̀. Ara odindi ẹran lóde ni kòkòrò àìsàn sábà máa ń wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, ti òde ti dà pọ̀ mọ́ ti inú. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ, 71°C ni kó dé.

Ẹ kó ẹran sílẹ̀, ẹ fi òróró tó kù dín àlùbọ́sà yòókù nínú ìkòkò náà láìfọ̀ ọ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ yẹn ni adùn ọbẹ̀, ata á hú u kúrò. Ẹ da ata sí i, kọ́rì, táìmù, magí, kárọ́ọ̀tì tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹran àti omi ìdajì ife. Ẹ dín iná kù, ìṣẹ́jú 15 ti tó.

Nígbà tí ẹran bá wọ́n, ìdajì kílò ni mo ń rà, kí n fi ife ẹ̀wà olóyin sísè méjì kún un. Kó jinná, kó má fọ́. Àwọn ọmọ kì í mọ̀ pé ẹran dín kù.

Bí iná kò bá dájú ládùúgbò yín, ẹ má tọ́jú ẹran lílọ̀ tútù. Ẹ dín gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Bí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, ọbẹ̀ yìí á lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ìrẹsì la fi ń jẹ ẹ́ lálẹ́ àkọ́kọ́ nílé wa, sùpàgẹ́tì lọ́jọ́ kejì. Ìyókù ni mo máa ń pò mọ́ ẹyin láàárọ̀, kí n dín in, kí n fi há búrẹ́dì fáwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé.