Àwọn àṣìṣe tó ń ba scrub ṣúgà yín jẹ́ (ẹ dákun, ẹ fi omi sílẹ̀)

Ó ti sú mi o. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló fi fọ́tò scrub ṣúgà ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Àǹtí, kí ni nǹkan funfun tó bò ó lójú yìí?" Haà. Ṣúgà àti epo lásán ni scrub ṣúgà tá a fi ń ha ara nígbà ìwẹ̀, kò sí awo kankan nínú ẹ̀, síbẹ̀ owó táwọn èèyàn ń kó sínú ẹ̀ tí wọ́n sì ń dà á nù lọ́jọ́ kẹfà ń dùn mí bí ẹni pé inú àpò mi ló ti ń jáde. Ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi kí n lè rí oorun sùn.

1. Fífi ojú wọ̀n ọ́n. Ife ṣúgà méjì sí ife epo kan, ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, tó bá ṣàn jù ẹ fi ṣúgà kún un, tó bá gan jù ẹ kán epo sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa tà á, ẹ ra síkéèlì. Ó parí.

2. Ìkánjú. Ẹ ti yọ́ òrí tàbí epo àgbọn, kò tíì tutù, ẹ ti dà á lé ṣúgà. Ṣúgà á rì lọ sísàlẹ̀, epo á sì dì lókè bí àbẹ́là. Ẹ jẹ́ kó tutù kó bẹ̀rẹ̀ sí í ki, kẹ́ ẹ tó po ó pọ̀. Epo àgbọn fúnra ẹ̀ ò sì ṣeé fọkàn tán, bí ooru bá ti lé ní bíi 24°C ó ti yọ́ nìyẹn, tó bá wálẹ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀ á tún dì, ìdí nìyẹn tí scrub tó rí bí ọbẹ̀ lọ́sàn-án fi ń di òkúta lóru. Ẹ fi epo mìíràn tí kì í dì là á.

3. Omi. Ibi tí mo ti fẹ́ jà gan-an nìyí, ẹ jókòó.

Tí mo bá ní omi, ẹ máa ń sọ pé "mi ò fi omi sí i, kùkúḿbà ni mo lọ̀ sí i." Kí ló wá wà nínú kùkúḿbà? Èso lílọ̀, aloe vera tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, wàrà, tíì, omi òdòdó, omi ni gbogbo wọn, orúkọ ló yàtọ̀. Mo lẹ́nu láti sọ ọ́ torí èmi gan-an ni aláìgbọ́n àkọ́kọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo lọ kùkúḿbà pẹ̀lú ewé míǹtì, mo da oyin lé e, mo dì í sínú ike 24, àwọ̀ ewé rẹ̀ lẹ́wà débi pé mo ya fọ́tò títí bátìrì fóònù mi fi kú, mo wá pín in káàkiri fáwọn oníbàárà mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, obìnrin kan gbé tiẹ̀ padà wá, kò bínú o, ó kàn gbé e síwájú mi, ó ní kí n ṣí i. Ìdérí ike yẹn ti wú bí ikùn. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, pọ́! Ó fò, ìfófòó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde, òórùn ọtí kíkan gba gbogbo pálọ̀. Obìnrin náà wò mí, èmi náà wo ilẹ̀. Ike 24 ni mo lọ ń gbà padà lójúlé dójúlé, bí ẹni ń gba èsúsú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé níbi tí ṣúgà bá ti pọ̀ tí kò sómi, àwọn kòkòrò àìfojúrí ò lè ríbi gbé, torí ṣúgà á fa omi ara wọn gbẹ. Ẹ wá bomi là á, ẹ ti tẹ́ tábìlì fún wọn nìyẹn, ṣúgà ni oúnjẹ wọn, àwọn ló sì ń hù bí nǹkan funfun tẹ́ ẹ̀ ń béèrè yẹn!

Ẹ sì má wá sọ ti fítámì E fún mi. Gbogbo fídíò ni wọ́n ti ń sọ pé fítámì E ni preservative, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí kòkòrò ba nǹkan jẹ́, irọ́ ni, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí epo tètè kan, kò lè pa kòkòrò kankan. Kápúsù 40 ni mo fi abẹ́rẹ́ gún lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ike 24 yẹn o, ọwọ́ mi ń yọ̀ bí ẹja, mo ń rò pé mo ti di sáyẹ́ǹtíìsì.

Kódà tẹ́ ẹ ò bá fi omi sí i, ẹni tó ń wẹ̀ á ki ọwọ́ tútù bọ̀ ọ́. Torí náà, tó bá máa pẹ́ ní bálùwẹ̀, ẹ wá preservative gidi, bíi phenoxyethanol, kó má ju 1% lọ, ìyẹn gíráàmù 5 nínú scrub gíráàmù 500, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀. Ẹ fi ṣíbí kékeré tó gbẹ sí i. Ike tẹ́ ẹ bá fọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú dénú. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó máà fi èso sí i, kó po ìwọ̀n tó máa lò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó da ìyókù nù.

4. Ọsàn wẹ́wẹ́. Omi ẹ̀ lára pẹ̀lú oòrùn, iná ni. Ó lè lé roro, ó lè fi àpá dúdú sílẹ̀ tó máa gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lọ. Èmi fún un lọ́jọ́ kan, mo jáde sóòrùn, ibi tó ta sí lẹ́yìn ọwọ́ mi dúdú ní tótòtó bí ẹni pé wọ́n kán tàdáwà sí mi lára, gbogbo ayé ló ń bi mí pé kí ló jó mi.

Èyí tó kàn, ìkarùn-ún àbí ìkẹfà, mi ò kà á mọ́: essential oil, epo olóòórùn líle tí wọ́n ń fún lára ewé àti òdòdó. Kì í ṣe lọ́fínńdà. 1% tó fún ara, ẹ̀ ń dà á bí ẹni ń ponmi sámù. Ti kànáfùrù àti sínámọ́ọ̀nù ń ta ju ti yòókù lọ, ẹ yéé fi wọ́n ṣeré. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú ìgúnpá, kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì.

Ṣúgà oníhóró ńlá kì í ṣe ti ojú.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi pa ibi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Àwọn tó ti ṣe é mọ ohun tójú wọn rí.

Àwọn kan tún ń fi í ha ara lójoojúmọ́ bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò, wọ́n á ní ara àwọn ò dán. Báwo ló ṣe máa dán? Ẹ ti bó o. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́.

Ilẹ̀ bálùwẹ̀ ńkọ́? Ṣebí epo lẹ dà sílẹ̀. Èmi ti jókòó lójijì nínú bálùwẹ̀ rí, ṣúgà kún irun mi, tí mò ń pariwo kí ọmọ mi wá gbé mi, ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Tẹ́ ẹ bá yọ́ emulsifying wax (ìda tó ń jẹ́ kí epo àti omi pò pọ̀) díẹ̀ mọ́ epo, omi á lè ṣan án lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ kí ẹlòmíì tó wọlé.

Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ ránṣẹ́ báyìí, ó ní ṣé òun lè fi ṣíbí ha ojú ẹ̀ kúrò kóun lo èyí tó wà nísàlẹ̀. Rárá, àbúrò mi. Dà á nù, àti ti ìsàlẹ̀.