Bí a ṣe ń tú ìtàn abúlé kan àti ilé olódi rẹ̀ ní Írẹ́lándì

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ilé olódi. Ìtàn olówó ló kún ibẹ̀. Ẹ ò ní rí àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Orúkọ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ ká mú abúlé Slane, létí odò Boyne ní ìpínlẹ̀ Meath.

Townland ni ìpín ilẹ̀ tó kéré jù lọ níbẹ̀, ó sì lé ní 60,000. Ẹ wá a lórí logainm.ie, ìkànnì orúkọ ibi ní Írẹ́lándì, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Írẹ́lándì sílẹ̀ (Baile Shláine ni Slane), pẹ̀lú parish (àgbègbè ìjọ) àti county (ìpínlẹ̀) rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ townland ló ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ìwé Griffith (1847–1864), tí wọ́n fi díye lé ilẹ̀ àti ilé jákèjádò Írẹ́lándì, ló kàn. Owó orí ni wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n kọ nọ́mbà tó bá máàpù mu, ẹni tó wà lórí ilẹ̀, àti ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: agbowó yẹn lè má jẹ́ onílẹ̀, ó lè jẹ́ alágbàtà tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olówó, tó tún pín in fún ẹlòmíì. Ẹ ṣọ́ ìwọ̀n náà. Ìwé ìdámẹ́wàá (1823–1837), tí wọ́n fi ṣírò owó tí àgbẹ̀ ń san fún ṣọ́ọ̀ṣì, sábà máa ń lo éékà Írẹ́lándì, tí ọ̀kan rẹ̀ tó 1.62 éékà tí Griffith lò. Oko éékà 10 lè di 16 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ra ilẹ̀ kún un.

Nínú ìkànìyàn tó ṣáájú òmìnira, ti 1901 àti 1911 nìkan ló pé. Iná tó sọ ní Four Courts, ilé ẹjọ́ ní Dublin tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí, ní 1922 jó èyí tó pọ̀ jù nínú ti 1821 sí 1851. Ti 1861 sí 1891, ìjọba fúnra rẹ̀ ló pa á run. Ẹ má sì gba ọjọ́ orí inú wọn gbọ́ pátápátá: owó àgbà fún ẹni 70 ọdún bẹ̀rẹ̀ ní 1909, làwọn kan bá fi ọdún mẹ́wàá, láti 1901 sí 1911, dàgbà ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ó wá kan ilé olódi. Ìdílé Conyngham ti wà ní Slane láti 1703, lẹ́yìn tí ìdílé Fleming pàdánù ilẹ̀ náà. Ní 1785 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé tó wà níbẹ̀ báyìí. Iná jó o ní 1991, wọ́n sì ṣí i padà ní 2001. Ilé mẹ́rin tó jọra, tó kojú ara wọn ní oríta abúlé, fi hàn pé ẹnì kan ló la ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé ìdílé náà wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè ní Dublin. Ìwé ìṣákọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè ṣáájú lẹ́tà. Ẹ ka òpó gbèsè (ibi tí wọ́n kọ ìṣákọ́lẹ̀ tí wọn ò tíì san sí) láti 1845, ọdún tí ìyàn ńlá bẹ̀rẹ̀, dé 1852. Orúkọ tó bá ń jẹ gbèsè lọ́dọọdún tó sì pòórá lójijì, ẹ wá a nínú Griffith kẹ́ ẹ tó sọ pé ó kú tàbí ó wọkọ̀ ojú omi lọ.