Ẹyẹ wíwò nígbà tẹ́ ẹ bá kó ọmọ lọ gbafẹ́ l'Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará wa, ọlidé ti ń bọ̀, ọ̀pọ̀ yín á sì kó àwọn ọmọ wá sí etí òkun Àgbádárìgì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹyẹ wíwò, ẹ má ya odindi ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un. Ó máa sú àwọn ọmọ. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lò. Láti aago 6:30 sí 8 ni ẹyẹ máa ń wá oúnjẹ kiri, tí wọ́n sì máa ń ké dáadáa, àwọn ọmọ ṣì ń sùn nígbà yẹn. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n, kí ẹnì kejì lọ sí etí ọ̀sà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ pààrọ̀.

Ẹyẹ tó máa dá ọmọdé dúró ni ẹ̀ga. Ẹ wá igi ọ̀pẹ tàbí àgbọn tí wọ́n kọ́ ìtẹ́ sí. Akọ ló ń hun ún, á wá so rọ̀ dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ kí abo lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí abo ò bá gbà á, akọ á tú u ká, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èmi ò tíì rí ọmọ tí kò fẹ́ mọ̀ bóyá abo máa gbà.

Nídìí jangirófà, ẹ gbé awò tẹ́ ẹ fi ń wo ẹyẹ lókèèrè pamọ́. Àwọn ọmọ ló ni wákàtí yẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń jẹun níta, ẹ máa ṣọ́ ẹran ọwọ́ wọn, torí àwòdì lè já a gbà.