Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Nígbà Tí Ẹ̀yìn, Orúnkún, Èjìká Tàbí Ọrùn Bá Ń Dunni

Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, ìyẹn fífi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé tó ń dunni. Ìbéèrè àwọn tó ń wá nítorí iṣan, oríkèé àti ọ̀pá ẹ̀yìn lè yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan náà ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn: wọ́n gbà pé nǹkan ti bà jẹ́ nínú ara, pé bí àwọn bá mira, yóò tún bà jẹ́ sí i. Mo ti rí i pé ẹ̀rù yìí ń ṣe àwọn kan léṣe ju ìrora gan-an lọ, torí òun ló ń dè wọ́n mọ́ ibùsùn.

Ìbéèrè: Lánàá ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé ẹrù, bí mo ṣe fẹ́ nàró ni nǹkan gbá mi mú lẹ́yìn. Mi ò lè tọ́ ẹ̀yìn mọ́. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ títí yóò fi lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Rárá, ẹ má dùbúlẹ̀ títí yóò fi lọ. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí ẹ̀yìn ń dùn, bíi mẹ́sàn-án ni kò sí egungun tó ṣẹ́ tàbí àrùn burúkú kankan nídìí tiwọn. Ẹran ara tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká ló máa ń le gbagidi bí ẹni ń dáàbò bo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ 6.

Nígbà kan rí, àwọn dókítà fúnra wọn máa ń ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti fi ìyẹn sílẹ̀, torí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni tó ń rìn káàkiri máa ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ ju ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá le, ẹ sinmi fún wákàtí díẹ̀: ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ orúnkún, tàbí kí ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ìrọ̀rí wà láàárín orúnkún méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5 nínú ilé, ẹ sinmi, ẹ tún rìn. Bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, kí ẹ jẹ́ kí méjèèjì rọra ṣubú sápá ọ̀tún, kí wọ́n padà sápá òsì, bíi ìgbà 10. Omi gbígbóná nínú rọ́bà tí a fi aṣọ wé, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, máa ń tu ẹran ara lára.

Bí ìrora bá ti ń rọ̀, ẹ padà sí bíbẹ̀rẹ̀ àti gbígbé ẹrù. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni a dá kó lè tẹ̀, kó sì tún nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó fúyẹ́, kí ẹ gbé e sún mọ́ àyà, kí ẹ sì máa fi kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba sùúrù. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀. Bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ nígbà tí ẹ bá ń nu ara. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru. Àwọn iṣan ìmọ̀lára ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń há, bí wọ́n bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè má bọ̀ sípò mọ́. Ẹ̀yìn dídùn tó bá ibà rìn, tàbí tí èèyàn ń rù láìnídìí, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí lára ẹni tó ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí, dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i kí físíò tó fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè: Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, ya ẹ̀yìn mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé disc méjì ti yọ, àwọn yòókù sì ti ń gbó. Ìrora náà ń gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé iṣẹ́ abẹ ló kàn?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má kàn án rárá. Disc ni ìtìmùtìmù tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn kan àti èkejì. Ó lẹ̀ mọ́ egungun tòkè-tìsàlẹ̀, nítorí náà kì í yọ kúrò láyè rẹ̀ bí ẹní yọ owó lápò. Ó lè wú síta, tàbí kí ohun rírọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ ya jáde, kó máa yọ iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sẹ́sẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ìwé èsì yẹn. Àwọn olùwádìí kan kó èsì àwòrán ẹ̀yìn àwọn tí ẹ̀yìn ò dùn rárá jọ, wọ́n sì gbé e jáde ní 2015. Lára àwọn ẹni 20 ọdún, ìdá 37 nínú 100 ni disc wọn ti ń gbó, ìdá 30 ni tiwọn ti wú síta. Lára àwọn ẹni 80 ọdún, ó di ìdá 96 àti ìdá 84. Kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun tí àwòrán rí àti ohun tó ń dunni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè jẹ́, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tí ìwé kan ti sọ di aláìsàn ju bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ. Èyí tó ya jáde pàápàá, ara máa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń kéré sí i láàárín oṣù mélòó kan láìsí abẹ.

Ní tiyín, ibi tí ìrora dé ni kí ẹ máa wò. Bó bá kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó gòkè kúrò lẹ́yìn orúnkún, tó wá ku ìdí tàbí ẹ̀yìn nìkan, ó ń yá nìyẹn, bí ẹ̀yìn tilẹ̀ ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, ohun tí ẹ ń ṣe kò bá a mu, ẹ yí i padà. Ẹ fi ikùn lélẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti àyà sókè, kí ìbàdí má kúrò nílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, kí ẹ wo ibi tí ìrora lọ. Ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ gan-an. Àmọ́ àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wúwo bó bá rìn díẹ̀, tí ara máa ń tù ú bó bá jókòó tàbí tó tẹ̀ síwájú, ihò ọ̀pá ẹ̀yìn tirẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti dín. Títẹ̀ síwájú àti gígun kẹ̀kẹ́ ló máa ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára mu.

Bí iwájú ẹsẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀ tí ẹ kò lè gbé e sókè, tàbí tí agbára ẹsẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, ẹ tètè lọ rí dókítà. Abẹ wúlò nígbà náà.

Ìbéèrè: Ìyá mi ti lé ní 65 ọdún. Orúnkún ń dùn wọ́n bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, ó sì máa ń dún kẹ́kẹ́. Wọ́n ní aromọléegun ni, pé egungun ń lọ egungun. Wọn ò wá fẹ́ rìn mọ́ kó má bàa gbó tán.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì bá mi sọ fún wọn pé àìrìn ni yóò tètè dá wọn jókòó. Ohun dídán tó bo orí egungun nínú oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìgbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ tí a tún ń tú u sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí nígbà ìrìn, ni omi náà ń wọlé tó ń jáde. Kíké tí orúnkún ń ké, bí kò bá sí ìrora pẹ̀lú rẹ̀, kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Iṣan iwájú itan ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wọn gbé dìde. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ga díẹ̀, kí wọ́n dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, kí wọ́n sì rọra padà jókòó, kíka mẹ́ta ní lílọ sílẹ̀. Ìgbà 8 sí 12, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é títí yóò fi pé ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Bí àga yẹn bá ti rọrùn, kí ẹ gbé èyí tó relẹ̀ sí i. Ìyàtọ̀ gidi máa ń hàn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó sú wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ìrora díẹ̀ yóò wà nígbà ìdárayá. Kí wọ́n fi 0 sí 10 wọ̀n ọ́n: bí kò bá ju 4 tàbí 5 lọ, tó sì ti rọlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, kò séwu. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n má dá a dúró.

Bí Màmá bá sanra, kílò kan tí wọ́n bá fọ̀n ń gbé nǹkan bíi kílò 4 kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tó kọjú sí orúnkún tó ń dùn ni wọ́n á fi di ọ̀pá mú: bó bá jẹ́ orúnkún ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ló ń ṣáájú gòkè, èyí tó ń dùn ló ń ṣáájú sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún tó wú lójijì, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi ìpara sí i, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Mo fẹsẹ̀ rọ́ níbi eré bọ́ọ̀lù. Ọrùn ẹsẹ̀ ti wú. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá egungun ṣẹ́?

Ìdáhùn: Gbìyànjú ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Bí o kò bá lè rìn ín rárá, tàbí tó dùn ọ́ gan-an nígbà tí o tẹ orí egungun kókósẹ̀ níta tàbí nínú, lọ ya X-ray. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbé ẹsẹ̀ sókè, fi báńdéèjì dì í, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe gbé e. Ohun tí àwọn eléré máa ń gbójú fò ni ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan. Dúró lórí ẹsẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà kí o dijú ṣe é. Ẹsẹ̀ tí kò bá gba irú ẹ̀kọ́ yìí padà ló máa ń rọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè: Ẹni 52 ọdún ni mí, mo sì ní àtọ̀gbẹ. Èjìká mi òsì ti há láti oṣù mélòó kan. Mi ò lè nawọ́ sẹ́yìn wọ aṣọ, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn. Ẹnì kan ní òun lè fà á títí yóò fi tú.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fà á. Awọ tó yí oríkèé èjìká ká ló ti nípọn tó sì sún kì, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti àwọn tó wà láàárín 40 sí 60 ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìrora ló máa ń pọ̀. Nígbà tó bá yá ìrora á rọlẹ̀, èjìká á wá le. Lẹ́yìn náà ni yóò máa tú. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún kan sí mẹ́ta. Bí a bá fipá fà á nígbà tí ìrora ṣì pọ̀, ńṣe ni yóò tún gbiná.

Ní báyìí, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ fi ọwọ́ tó dára di tábìlì mú, kí ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kejì máa fì lọ fì bọ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Dókítà lè fún yín ní abẹ́rẹ́ sínú oríkèé, ó sì máa ń wúlò jù ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú ṣúgà ara ròkè fún ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ sọ fún wọn nípa àtọ̀gbẹ yín. Nígbà tí ìrora òru bá ti lọ, ìgbà náà la ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án gidi.

Ìbéèrè: Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo wà látàárọ̀ dalẹ́, ọrùn mi ti le. Báwo ló ṣe yẹ kí n máa jókòó?

Ìdáhùn: Kò sí ìjókòó kan tó dára tí wákàtí 4 ò ní sọ di ìyà. Ẹ yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú 30: ẹ dìde, ẹ yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì, ẹ fa èjìká sẹ́yìn. Kí ojú yín àti òkè kọ̀ǹpútà ṣe déédéé. Bí pajápajá bá ń mú ọwọ́ méjèèjì, tí bọ́tìnnì ń ṣòro láti dè, tí ìrìn sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjókòó mọ́. Ẹ lọ rí dókítà kíá.

Ìbéèrè: Mo ti lọ sọ́dọ̀ físíò ní àìmọye ìgbà. Wọ́n á fọwọ́ wọ́ mi lára, wọ́n á gbé ẹ̀rọ sí mi lẹ́yìn, ara á tù mí. Bí mo bá délé, ó ti padà.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ìwọ́ra àti ẹ̀rọ lè mú ìrora rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, mo sì ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í fún iṣan lágbára. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ físíò, ó yẹ kó béèrè ohun tí ẹ fẹ́ padà máa ṣe, kó wo bí ẹ ṣe ń rìn àti bí ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kó dán agbára yín wò, kó sì kọ ìdárayá méjì tàbí mẹ́ta lé yín lọ́wọ́ tí ẹ ó máa ṣe nílé. Nígbà tí ẹ bá padà dé, kó tún un yẹ̀ wò, kó mú un le sí i. Bí ẹ bá ti lọ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ̀rọ nìkan ni ẹ ń rí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: “Kí ni kí èmi fúnra mi máa ṣe?” Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Ara mi ti yá. Ṣé mo lè dáwọ́ ìdárayá dúró?

Ìdáhùn: Ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ má dá a dúró, torí agbára tí iṣan ti ní máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a ò bá lò ó. Bí ìrora bá tún yọjú, ẹ gé e sí ìdajì ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tún máa fi kún un láti ibẹ̀.